Fọ́tò Tí Mo Ní Kí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Màmá Mi

Ìkíni ló kọ́kọ́ bí mi nínú nílùú òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé máa ń rò pé òtútù ni. Òtútù kò ní agbára kan tí aṣọ onírun kò ká. Ṣùgbọ́n kí n jáde láàárọ̀, kí n rí ìyá arúgbó tó tó màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí n rọra tẹ orúnkún, kí n kí i lédè rẹ̀, kí ó wò mí bí ẹni ń wo òpó iná, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní bóyá kò gbọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ohùn sókè, obìnrin náà sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo dúró níbẹ̀, mo fi Yorùbá bú u tẹ̀ríntẹ̀rín títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó tù mí lára díẹ̀.

Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé kan tó kọjú sí títì Ṣakí, níbi tí eruku pupa ti máa ń wọnú àwo ọbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Níbẹ̀, bí o bá gbé kẹ́tùlù jáde láti ṣe àlùwàlá, kí o tó fọ ẹsẹ̀ kejì, o ti jẹ́ ẹ kú ìdájí fún ìdajì àdúgbò. Mo máa ń ráhùn nígbà náà pé ariwo wọn pọ̀ jù. Ọlọ́run gbọ́ ìráhùn mi, ó gbé mi wá síbi tí mo lè lo òpin ọ̀sẹ̀ látòkèdélẹ̀ láìgbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnì kankan.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́. Ìyàlẹ́nu tèmi ni pé àwọn tó wà níbẹ̀ bímọ. Àwọn ọmọ wọn wà láàyè, wọ́n ní mọ́tò, wọ́n ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, wọ́n sì kó ìyá wọn wá fún èmi ọmọ Àgọ́-Àrẹ pé kí n máa bá wọn fọ eyín rẹ̀. Mo dá wọn lẹ́jọ́ gan-an. Bí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń bú wọn sínú: ẹ̀yin ọmọ aláìmoore wọ̀nyí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi náà ti kó ìyá tèmi fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bàbá kan wà tó máa ń pè mí ní ọ̀bọ bí mo bá ń nu ìdí rẹ̀. Mo máa ń nu ìdí náà mọ́ tónítóní, torí pé iṣẹ́ niṣẹ́, màá wá lọ sunkún nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí. Ọ̀gá wa bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n má fi ṣe ìbínú, pé àìsàn ìgbàgbé ló ń dà á láàmú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbàgbé èébú. Ó ní wọ́n ń pè mí ní yàrá kẹta.

Ẹni tó jẹ́ kí n lè dúró níbẹ̀ ni obìnrin kan tí mò ń pè ní Ìyá Pẹ́gì. Wọn kì í fi orúkọ ọmọ pe ìyá lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí fọ́tò tó wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Fọ́tò ńlá ni, ó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì, ojú obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ni, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé: Pẹ́gì, ọmọ rẹ. Gbogbo yàrá ló ní irú rẹ̀. Ìyá náà ti gbàgbé ọkọ, ó ti gbàgbé ilé tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí mo bá ti ṣí aṣọ fèrèsé, ojú rẹ̀ á bọ́ sára ògiri, á kà á, á wá yọ̀ bí ẹni rí owó he.

"Ọmọ mi nìyẹn," á wí fún mi. "Ó rẹwà, àbí?"

Èmi náà á ní ó rẹwà. Pẹ́gì fúnra rẹ̀ kì í wá bí kò ṣe nígbà Kérésìmesì, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ ń bá a tọ́jú ìyá rẹ̀.

Mo kọ́ Ìyá Pẹ́gì ní ẹ káàárọ̀. Ó gbà wá lákòókò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn pé "Káàárọ̀ o," mo jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú póò ìtọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn lọ́dún náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe ilé, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ti dé láti mọ́ṣáláṣí. Tẹ́lẹ̀, màmá mi ló máa ń já fóònù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Á béèrè ohun tí mo jẹ, á béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí n ráyè kírun, á wá bẹ̀rẹ̀ àdúà tó máa ń gùn ju ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. A fi ṣe ẹ̀rín. Ó pe Ràṣídà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní orúkọ mi. A tún fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n gbé fóònù fún un, mo ní, "Màmá, èmi ni o."

"Ìwọ ta ni?"

Mo dárúkọ mi.

Mò ń gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́?" ó ní. "Àbí ìwọ lọmọ Ògbooro tó máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ó ní ọjọ́ orí ni, pé kí n má fi ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé ni mò ń bá ṣiṣẹ́ jẹun, mo mọ ojú rẹ̀ bí mo bá rí i. Màmá mi mọ ẹ̀gbọ́n mi torí pé ó ń rí i. Ó mọ ìyàwó rẹ̀ torí pé òun ló ń fún un lóúnjẹ. Èmi kò lè lọ sílé; ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá sì jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Nítorí náà èmi ló ń parẹ́ nínú iyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù pé yóò kú. Mò ń bẹ̀rù pé yóò wà láàyè, n kò sì ní jẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Lára ògiri Ìyá Pẹ́gì ni mo ti rí ọgbọ́n tí mo fẹ́ dá. Bí fọ́tò bá lè bá Pẹ́gì di ìyá rẹ̀ mú, kí ni kò ní jẹ́ kó bá mi di tèmi mú? Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n tẹ ẹyọ kan níbí kí n fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó. Ojú èèyàn ń yí padà. Mo fẹ́ kí ó máa rí mi bí mo ṣe wà, nínú aṣọ iṣẹ́, nínú aṣọ Iléyá, nínú yìnyín. Wọn kò sì lè máa gun ọ̀kadà lọ Ṣakí nítorí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Mo bá pinnu láti ra ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò fún un, kékeré tí yàrá lè gbà, kí ó jẹ́ ẹ̀bùn Iléyá.

Ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù ya àwòrán sí ara láti ọrùn dé ọmọ ìka. Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan jáde tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó ní kò nílò íǹkì rárá, pé inú bébà rẹ̀ ni àwọ̀ wà. Ó fi fóònù ya ọwọ́ ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde kí n wò ó. Fọ́tò náà kò ju ti káàdì ìdìbò lọ.

"Ìyá arúgbó ló fẹ́ máa wò ó," mo ní. "Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran."

Ó gbé èkejì jáde. Ìyẹn dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Fọ́tò náà á yọrí pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, á wọlé padà, á tún yọrí pẹ̀lú pupa, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tó fi máa di èèyàn. Ó ń dán, omi kò sì lè pa á rẹ́. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra bébà rẹ̀. Ó ní bébà àti àwọ̀ jọ ń wá nínú páálí kan náà ni, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ló sì ń tà á. Mo ti ń fojú inú wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe máa rìn káàkiri ọjà Ṣakí tó ń wá páálí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kí ọdún tó yí po, ẹ̀rọ náà á ti di ohun tí wọ́n ń gbé fìlà lé.

"Èwo ló wọ́n jù," mo bi í, "ẹ̀rọ ni àbí ohun tó ń jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa ń gbé sáré, tí wọ́n á sì wá máa sunkún íǹkì. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹṣin a máa béèrè koríko. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo ní ẹṣin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta tó gbé jáde kò lẹ́wà rárá, ó rí bí àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n íǹkì inú ìgò ni wọ́n ń rọ sí i nínú, bí ẹni ń rọ epo sínú àtùpà, ìgò kan sì ń pẹ́ kó tó tán. Ó lè tẹ fọ́tò tó tóbi tó odindi ojú ìwé. Fóònù lásán ló ń rán an níṣẹ́, kò nílò kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta irú íǹkì bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn, mo sì mọ̀ pé sólà kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń wo tẹlifíṣọ̀n lè gbé e. Ó wọ́n ju àwọn méjì tó kù lọ, àmọ́ àpò mi ká a, mo sì rà á. Mo rán aṣọ tí wọn yóò máa fi bò ó nítorí eruku. Ọmọ Ṣakí kan tó ń lọ sílé bá mi gbé e lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń rìn bí ẹni tó ti yanjú ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni Ìyá Ràṣídà. Kì í pe orúkọ mi. Ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé, mo ti wà nílé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí. Òun ló pè mí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà dé.

"Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, ẹrù ti dé o! Ẹ kú ìnáwó. Ibi tí ẹ ti mú un, Ọlọ́run á fi ọ̀pọ̀ rọ́pò rẹ̀."

"Àmín. Ṣé ó ti tẹ fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́?"

"Ó ti tẹ̀ ẹ́, mà. Ojú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tán báyìí, ó ń wò mí. Ẹ ti sanra o!"

"Ó dáa. Kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà, kó dúdú dáadáa. Kí o wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó kọjú sí ibùsùn Màmá. Òun ni mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ́kọ́ rí bí wọ́n bá jí."

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ní kí n kọ orúkọ sí i, mà?"

"Kí ni mo sọ?"

"Mo ní bóyá kí á kàn lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ò kúkú mọ̀wé. Torí pé bí fọ́tò bá tóbi báyìí, tí orúkọ wá wà nísàlẹ̀ ẹ̀..."

"Kí ló ṣe é? Ẹni tó bá wọlé á máa kà á sí wọn létí. Ìyá Ràṣídà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Àṣìsọ ni. A óò ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí."

Lọ́jọ́ kejì, n kò lọ síbi iṣẹ́. Mo wé gèlè, mo jókòó síwájú fóònù, mò ń retí kí wọ́n pè mí lórí fídíò kí n rí ẹ̀rín màmá mi. Wọn kò pè. Mo pè wọ́n, wọn kò gbé e. Mo pè títí kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé e, mo sì ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn rẹ̀, irú ẹkún tí àwọn obìnrin wa máa ń sun nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Búọ̀dá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Ìwọ ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Màmá ló jí tó ní o ti kú. Wọ́n ti ṣí gèlè sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n rí. Bóyá àlá ni. Mo fẹ́ gbé fóònù fún wọn, bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó nu ojú nù, ó ní ta ló wá sọ irú ọ̀rọ̀ burúkú bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó mu ẹ̀kọ. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ó ti gbàgbé pé òun sunkún rárá. Lọ́jọ́ kejì ó jí, ó tún kígbe. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ràṣídà fi fóònù ara rẹ̀ pè mí, láti ẹ̀yìn ilé.

"Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà yìí. Ẹ jẹ́ kí n yọ fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri."

Ó yé mi kí ó tó sọ ìyókù. Èmi tí mo dàgbà nílùú yẹn! Ta ni kò mọ fọ́tò tó tóbi, tí orúkọ dúdú wà lábẹ́ rẹ̀? Ara ilẹ̀kùn ilé olóòkú là ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ara igi, ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹni tí kò mọ alífábẹ́ẹ̀tì mọ ohun tó túmọ̀ sí láti òkèèrè. Àwọn olóṣèlú náà ń lẹ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn máa ń na ìka sókè. Fọ́tò alààyè, inú férémù ló ń gbé, kò sì sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sí i, torí ta ni wọ́n máa sọ orúkọ ọmọ ilé fún nínú ilé? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé onílé ni èmi wò.

Ìyá Ràṣídà ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó fẹ́ sọ fún mi nìyẹn tí mo fi pa á lẹ́nu mọ́. Ìyàwó kì í fẹnu ara rẹ̀ da ọ̀rọ̀ ikú mọ́ ọmọ ọkọ, kì í sì tú ohun tí ọmọ ọkọ ní kó ṣe. Ó wà níbẹ̀, ó ń wo màmá mi bó ṣe ń jí láràárọ̀ tí wọ́n ń túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un lákọ̀tun. Ìgbàgbé tí kò jẹ́ kí ó mọ̀ mí lórí fóònù ni kò jẹ́ kí ó rántí pé òun ti sunkún mi lánàá. Gbogbo àárọ̀, ọ̀fọ̀ tuntun ni.

Wọ́n yọ fọ́tò náà. A rò pé ó parí.

Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ igbe. Wọ́n ti wọlé, wọ́n ti béèrè, ẹ̀gbọ́n mi sì ti búra fún wọn pé kò sí ẹni tó kú. Ìbúra rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní ìlú wa, bí ọmọ bá kú lẹ́yìn odi, a kì í sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bọ̀rọ̀? Àwọn ẹbí á máa bò ó, wọ́n á ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, wọ́n á ní fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà bí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣe ń sẹ́ tó ni wọ́n ń gbà gbọ́ tó pé mo ti kú. Wọ́n ní ó ń káàánú ìyá rẹ̀, ó ń gbìyànjú, Ọlọ́run á fún un lágbára. Àfáà kan rọra fi orúkọ mi sínú àdúà àwọn tó ti kọjá lọ. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ ilé kéú, kí n lè fi ohùn mi jẹ́rìí. Ó gbọ́ mi, ó lọgun, ó ju fóònù sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́ dòní. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa kò tíì bá a.

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ màmá mi. Wọ́n á gbé wàrà wá, wọ́n á gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ wá, wọ́n á ní ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Wọ́n á wá jókòó máa sọ̀rọ̀ mi: bí mo ṣe máa ń jó nígbà kékeré, bí mo ṣe bọ́ sínú àmù lọ́jọ́ Iléyá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò bá màmá mi sọ̀rọ̀ mi nínú ilé yẹn. Ní báyìí, orúkọ mi kì í kúrò lẹ́nu wọn, kì í sì kúrò létí rẹ̀. Ó gbàgbé orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó gbàgbé pé òun ta èlùbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ó rántí mi. Ó rántí oríkì mi, ó rántí àpá tó wà ní orúnkún mi. Ohun tí mo rán ẹ̀rọ náà ni ó ṣe fún mi.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò jókòó lásán. Ọlọ́kadà kan kú lójú ọ̀nà Ìgànná, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti gbọ́ pé ilé wa lè tẹ fọ́tò òkú. Ìyá Ràṣídà kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá, láti Àgọ́-Àrẹ, láti Ògbooro. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè dùn mí.

"Pírìntà yẹn lágbára o," ó ní. "O ò ra ayédèrú. Ojú àwọn òkú máa ń yọ dáadáa."

Mo ní kí wọ́n pè mí lórí fídíò pẹ̀lú màmá. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́. Mo ní bí ó bá rí mi tí mò ń mí, tí mò ń ṣẹ́jú, tí mò ń mu tíì, yóò mọ̀ pé òkú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yarí. Níkẹyìn, Ìyá Ràṣídà gbé fóònù sí i níwájú.

Màmá mi wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, mo sì rí i pé ó dá mi mọ̀. Mo ti ń pàdánù irú ìwò yẹn lójú rẹ̀ tipẹ́, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó pe oríkì mi, ó pè é délẹ̀.

"Màmá, èmi ni o. Mo wà láàyè."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni." Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó rọ̀. "Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní ìlú kan lọ́nà jíjìn lo wà, ò ń ṣiṣẹ́, ò ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń ṣe."

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ àwọn tí màmá mi ń sọ: ẹni tó kú nílé, tó lọ ń gbé nílùú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń tajà, tó ń bímọ, títí ojúlùmọ̀ kan á fi ṣèèṣì rí i. Àkúdàáyà. Mo wá ohun tí màá fi já a nírọ́, n kò rí i. Ìlú tí mo wà jìnnà. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí níbẹ̀, mi ò sì lè padà sílé. Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń jẹun.

"Ó rẹ̀ ọ́, ọmọ mi," màmá mi wí. "Mo rí i lójú rẹ. Èmi ni mo fi ẹkún dá ọ dúró. Mo ti dákẹ́ báyìí. Máa lọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́..."

"Máa lọ, má bojú wẹ̀yìn. Bó o bá dé ọ̀hún, má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ ni kó o bá wọn jẹ. Ọlọ́run á forí jì ọ́, á fi Alùjánnà kẹ́ ọ. Ìwọ náà, má yọ sí mi mọ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

"Ṣàmín," màmá mi wí.

Mo ṣàmín.

Ó sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí. Kò sunkún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì tíì sunkún títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti ń jẹun, ara rẹ̀ ti ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé kí n má bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kí n má da ìyá àgbà rú. Mo gbà fún un.

Mo ṣì ń pe ilé lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí Ìyá Ràṣídà bá ti gbọ́ ohùn mi, á rọra gba ẹ̀yìn ilé lọ, kí màmá má baà gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tíì dé ẹ̀yìn ilé tí mo fi gbọ́ ohùn màmá mi láti inú yàrá, ohùn tó le, tó dùn, ohùn ẹni tí kò ní ìṣòro kankan láyé.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Oníbàárà ni, mà," Ìyá Ràṣídà dáhùn. "Ó fẹ́ tẹ fọ́tò ni."